Ohùn Tí Ògiri Ń Dúró Dè

Bí o bá ń wá ẹni tó mọ bó ṣe yẹ kí kóòṣì to ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, má wulẹ̀ lọ sí pápá. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alágbàfọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ìyá ti ń lọ aṣọ. Ìdí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti nù ún títí ó fi ń dán ju bàtà ọkọ ìyàwó lọ. Ìyá fúnra rẹ̀ kì í jókòó síbẹ̀. Ó ní bí òun bá jókòó, ẹni méjì ni yóò dìde, torí ìdí èèyàn mẹ́ta ni Ọlọ́run kó sára òun, ó kàn gbàgbé láti pín in ni.

Ohun kejì tí Ọlọ́run ò pín ni ohùn. Bí ìyá bá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, ajá òpópónà kejì á gbó. Ohùn yẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá ní pápá. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn ní àṣà kan tí kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíì: bí ọmọ wọn bá ṣubú, wọn kì í dákẹ́. Ìyá á dìde, á gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á pè é:

"Ta ló ṣubú?"

Gbogbo ìjókòó á dáhùn pé, "Kò sẹ́nìkan."

"Ta ló ń dìde?"

"Tiwa ni."

Wọn ò ní í sinmi títí ẹni náà á fi dìde. Kò sì sẹ́ni tí kì í dìde. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ló ń jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ wọn jáde bí ẹrù lórí àga gbọọrọ tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa. Tiwọn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń fi rìn.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo ń wí yìí, inú wọn ń dùn. Wọ́n ti borí ní Sátidé, Ògiri ló sì gbà wọ́n là. Ògiri ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ náà. Ọmọ ọmọ ìyá ni, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ti ń gbé látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, òun àti ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì jọ fò sí bọ́ọ̀lù kan náà. Orí kọ lu orí, ó dún bí ìgbà tí pákó bá ṣẹ́. Ògiri ṣubú, kò mira. Ìyá pè, wọ́n dáhùn. Ògiri dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì gbá a dópin.

"Ògiri ò lanu, aláǹgbá wọn ò ríbi wọ̀," ni Dẹ́rẹ́bà wí, ó na ẹsẹ̀ gbàlàjà. Ọkọ̀ èrò ló ń wà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì máa ń sọ bí ẹni tí wọ́n ń fun fèrè mọ́ lẹ́yìn. "Àmọ́ kóòṣì yẹn, kí wọ́n lé e. Ẹ̀yìn wa ń jò bí agbọ̀n. Bí kì í bá ṣe Ògiri, à bá ti kú."

Tíṣà mi orí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì gbọ́. "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ kí kóòṣì fi dáná, nígbà tí àwọn ọ̀gá ti ta igi ta ìṣáná? Àwọn méjì tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́, wọ́n ti tà wọ́n. Ta ló kù lórí bẹ́ǹṣì? Ọmọ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì wà lọ́nà, àti ẹnìkan tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́."

"Ó yẹ kó yọ ọ́ nígbà tó ṣubú."

Ẹnu ọ̀nà lohùn yẹn ti wá. Gólí ni, ọkùnrin gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Òun ló ń mú bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí láyé ọjọ́un, kó tó lọ fi orí sọ òpó góòlù. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá ló pè, òun ló sì dìde.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Dẹ́rẹ́bà wí. "Bí wọ́n bá yọ Ògiri, ta ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀? Ẹ̀yin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gólí kọjú sí ìyá. "Ìyá, ẹ̀wù mi ti jáde?"

"Ó wà lọ́rùn yín, ọkọ mi. Ẹ ti gbà á lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Gólí wo àyà ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan kọ́là, ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ó jókòó. Tíṣà ò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ nípa kóòṣì tí Gólí tún fi gbé orí sókè. "Ìyá, ẹ̀wù mi ti jáde?"

Bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé fún ẹ̀rín. Ti ìyá ló ròkè jù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó wá po tíì, ó gbé e fún Gólí, torí èèyàn rere ni, ẹnu rẹ̀ nìkan ló burú.

Nígbà tí wọ́n túká, ìyá gbé tíì àti búrẹ́dì wọ yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òun àti Ògiri ń gbé. Ògiri ti fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì oníbàárà kan dí fèrèsé. Ó dùbúlẹ̀, ó fi apá bo ojú.

"Ìyá àgbà, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú."

"Ẹni tó bá sùn dọ́sàn-án, kí ni kí oòrùn ó ṣe fún un, kó kí i kú iṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mu tíì náà. "Ta ló borí ní Sátidé?"

"Àwa ni. Ìwọ lo wá ń bi mí?"

Ó mi orí. Ìyá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ṣúgà sí i, ó kó èérún búrẹ́dì kúrò lórí ìrọ̀rí. Nígbà tó nawọ́ ife náà sí i, Ògiri gbà á, ó wo ojú rẹ̀ kòrókòró.

"Ìyá àgbà, ta ló borí ní Sátidé?"

Ẹ̀rín kan ti ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun ìyá. Kò dé ẹnu. Ẹ̀wù Gólí ló rántí.

"O ò ní gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé tó ń bọ̀," ó ní.

"Màá gbá a. Dókítà tan iná sí mi lójú, ó bi mí lórúkọ, mo sọ ọ́ fún un. Bí mo bá jókòó, ọmọ kékeré yẹn á gba ipò mi, wọn ò sì ní bá mi ṣe àdéhùn tuntun. Ìyá àgbà, kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣé kí n wá máa bá yín lọ aṣọ ni?"

"Kí ló ṣe aṣọ lílọ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó yẹ kó gbọ́. Ṣòkòtò kóòṣì wà lára aṣọ tó ń fọ̀. Wọ́n máa ń wá gbé e ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá fúnra rẹ̀ ló kó o lọ. Ọ́fíìsì kóòṣì wà lábẹ́ ibi ìjókòó pápá, ó ń rùn fún ìpara àti bàtà tútù. Ife tíì àmukù to jọ lójú fèrèsé. Ojú ọkùnrin náà pọ́n bí ti ẹni tí kì í sùn.

"Mi ò wá jà, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Orí ọmọ yẹn ti fara pa. Ó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kó jókòó lọ́la."

"Mo bi í, ó ní ara òun dá ṣáká. Dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá, ta ni mo ní? Wọ́n ti tà wọ́n tán."

"Èyí tí kò tíì ní irùngbọ̀n ńkọ́?"

"Bí mo bá fi ìyẹn sí i, tí wọ́n sì gbabẹ̀ wọlé sí wa lára, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi tún gíláàsì mọ́tò mi ṣe? Lọ́jọ́ tí mo yọ kápútẹ̀nì, ẹ fọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ohùn tí mo gbọ́ jù lọ́jọ́ yẹn, tiyín ni." Ó gba ṣòkòtò náà, ó gbé e lé itan. "Ẹni tó bá dùbúlẹ̀, mo máa ń yọ ọ́. Àmọ́ tiwa kì í dùbúlẹ̀, ìyá. Ẹ̀yin lẹ kì í jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀."

Ìyá yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ti bá a rán bọ́tìnnì tó já, ó sì jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó rò ó lọ́nà, ó fi imú rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ni àgbà náà? Òun kọ́ ló wà lọ́jà? Òun náà ló tún ń lé orin kí orí ọmọ lè wọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Sátidé le. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n á dúró sí ìpele wọn. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, wọ́n á já sí ìsàlẹ̀, sí àárín àwọn ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn. Ìyá jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, lórí àga méjì, Dẹ́rẹ́bà lápá ọ̀tún, Tíṣà lápá òsì. Títí wọ́n fi lọ sinmi tí wọ́n tún padà wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbá góòlù wọlé. Ògiri ń gbá a. Ìyá nìkan ló rí i pé ó ń di ojú kan.

Bọ́ọ̀lù kan wá láti òkè. Ògiri fò, ẹnìkan fò tì í, ìgbọ̀nwọ́ ẹni náà bá a ní ẹ̀bátí. Ó ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ìyá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dìde kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Nísàlẹ̀, Ògiri fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ díẹ̀, ó kọ ojú sí apá ibi tí wọ́n jókòó sí. Ó ń dúró de ohùn.

Ìyá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó jókòó, àga méjèèjì ké lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ pè é," ni Dẹ́rẹ́bà wí.

"Mi ò pè é."

"Ìyá, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ń dìde."

"Ọmọ mi ló ṣubú. Ṣé èmi ni màá wá sọ pé kò sẹ́nìkan?"

Dẹ́rẹ́bà dìde, ó pè é fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ là sí méjì bí ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Ìwọ̀nba èèyàn dáhùn níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó sì kú dànù, torí ohùn kan ṣoṣo ni etí wọn mọ̀. Pápá pa lọ́lọ́. Ògiri dúró dè é síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó gbé orí lé koríko.

Rẹfirí juwọ́. Wọ́n gbé àga gbọọrọ wọlé, wọ́n sì gbé e jáde, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ọmọ tí kò ní irùngbọ̀n wọlé. Kí eré tó parí, bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ẹgbẹ́ náà sì já sí ìsàlẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọpọlọ Ògiri ti wú, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ yẹn nìkan. Ká ní ó dìde ni, tí nǹkan mìíràn sì bà á, òkú ni wọn ì bá máa tọ́jú. Yóò yè. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Dẹ́rẹ́bà kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà ní oríta, ẹni tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ máa ń jó kọ́là. Ó ní ó sàn kí ọrùn òun máa rùn fún èéfín. Tíṣà ní tirẹ̀ wá gba ṣòkòtò rẹ̀ láìtíì fọ̀. Ó kí ìyá dáadáa, ó sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni, ìyá," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó kù náà, ọmọ ẹnìkan ni wọ́n. Ẹ sì ń pe àwọn yẹn dìde."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyá wí.

Ògiri padà sílé, kò bá ìyá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́, ó ń wo áyọ́ọ̀nù bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

"Mo ń wá ohùn yín," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Mo lè dìde."

"Mo mọ̀."

"Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyá àgbà."

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù sí ìdúró. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ì bá ti fi ìdí ara rẹ̀ dá àpárá kan kí ọmọ náà lè rẹ́rìn-ín. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gólí wọlé, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá, ẹ̀wù mi ti jáde?"

"Ó wà lọ́rùn yín, ọkọ mi."

Gólí fọwọ́ kan kọ́là, ó mi orí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo fèrèsé, ó wo àwọn aṣọ tó so rọ̀, ó tún kọjú sí ìyá.

"Ẹ̀wù mi ti jáde?"

Ògiri wo ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́, láti ọwọ́ tó ń gbọ̀n dé ojú tó ń wá nǹkan káàkiri. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá rẹ̀ àgbà. Kò dúpẹ́. Ó kàn sún lórí bẹ́ǹṣì, kí Gólí lè ríbi jókòó.