Àna Tí Sáfà Kò Gbà Wọlé

Ohun tí Àgídí fi ń yangàn jù ni pé sáfà ímeèlì ilé iṣẹ́ àwọn kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àgídí ló ń tọ́jú sáfà náà, ẹ̀rọ tí lẹ́tà wọn ń gbà wọlé, tí ó ń gbà jáde. Ó kọ gbogbo òfin ẹ̀rọ náà sínú fáìlì kan. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ̀rọ á ka fáìlì, á sì tún ohun gbogbo tò bó ṣe wà níbẹ̀. Ohun tí o bá fọwọ́ yí padà, á dá a sípò, bí ìyàwó ilé tó ń to àga lẹ́yìn àlejò.

Ìlà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá kò mọ̀ sí: "Má gba lẹ́tà Ọ̀mọ̀wé. Títí láé."

Ọ̀mọ̀wé ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nídìí oúnjẹ, ló bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, ta ló gbé sáfà lé e lọ́wọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àgídí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kọjá eyín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé ọ̀gá fi lẹ́tà ìkíni ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, orúkọ ilé iṣẹ́ ti wọ ìwé ìdènà, èyí tí àwọn sáfà káàkiri fi ń dá àwọn tó ń da lẹ́tà pàǹtí síta mọ̀. Lẹ́tà wọn kò dé ibì kankan mọ́. Àgídí ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ìwé yìí, ó sì ti figbe ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ímeèlì ló fi ń figbe ta, sí àpótí ímeèlì Àgídí ti ilé, ìyẹn náà kò sì dé.

Ọ̀gá dúró lé e lórí. "Agogo méjì ni ilé ìwòsàn tó fẹ́ ra igba bẹ́ẹ̀dì kò ní gba lẹ́tà iye owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí tiwa kò bá dé, ìwọ àti sáfà rẹ lẹ jọ ń lọ ilé."

Àgídí wá ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìdènà. Ọ̀mọ̀wé ni! Ó pè é lórí fóònù bí ẹni tó gbé ewúro mì.

"Ẹ̀gbọ́n! Ibo loòrùn ti yọ lónìí?"

"Yọ wá kúrò nínú ìwé yín."

"Ẹ káàsán náà, ẹ̀gbọ́n."

"...Káàsán."

"Nọ́ńbà ìyọkúrò gbọ́dọ̀ gba inú ímeèlì ilé iṣẹ́ yín wọlé, ká lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ. Mo ti fi ránṣẹ́. Háà, ó tún ti padà! Ó ní ẹ kò fẹ́ mi títí láé."

"Àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ló mọ orúkọ mi bẹ́ẹ̀?"

Àgídí yọ orúkọ náà nínú ẹ̀rọ, kò fọwọ́ kan fáìlì. Kí Ọ̀mọ̀wé tó tún fi í ránṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé. Ẹ̀rọ ti dá orúkọ padà. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ tún dá a padà.

"Ẹ̀rọ olóríkunkun yìí!" ni Àgídí pariwo.

Akọ̀wé ọ̀gá wò ó láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ?"

Agogo méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ku kí ó pa ìlà náà rẹ́ nínú fáìlì gan-an. Ọdún mẹ́ta ló ti ń sin ìbínú yìí bí ẹran ọ̀sìn. Ọ̀gá húkọ́. Àgídí pa ìlà náà rẹ́.

Nọ́ńbà wọlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ sí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ìgbà kọkànlá rèé tí mo ń kọ èyí sí yín."

Àgídí fi nọ́ńbà náà yọ ilé iṣẹ́ kúrò nínú ìwé ìdènà. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwòsàn nígbà tí agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀gá jókòó, ó nu ojú. Àgídí náà nu ojú, ó ní eruku ni.

Lẹ́yìn náà ló ṣí fáìlì, tó kọ ìlà tuntun sí i: "Gba lẹ́tà Ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dúró níta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."