Àdúrà Méjì lórí Tírélà Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé awakọ̀ ló ń wa tírélà, ẹ má gbà á gbọ́. Tírélà ló ń wa awakọ̀. Ibi tó bá wù ú ló ń gbé e lọ, ibi tó bá sì wù ú ló ń dá a dúró sí. Tèmi dá mi dúró sí Ìbàfò, lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí lọ́wọ́ ní Ìfọ̀.

Bisikíìtì àti ọṣẹ ìfọṣọ ni mo kó láti Èkó, Gombe ni mò ń lọ. Ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Mo darí ọkọ̀ sẹ́bàá títì, mo fi òkúta há táyà, mo ṣẹ́ ewé tútù, mo tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń sáré bọ̀ lè mọ̀ pé òkú ọkọ̀ wà níwájú. Mo rò pé ewé yẹn ò ní tíì rọ tí n ó fi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji Afọlábí tó ni ọkọ̀ ń sọ lójoojúmọ́ pé mẹkáníìkì ń bọ̀ lọ́la. Ewé gbẹ, mo ṣẹ́ òmíràn, ìyẹn náà gbẹ. Mi ò mọ inú kàlẹ́ńdà wo ni ọ̀la Alhaji yẹn wà.

Ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ kú ni Ròkíátù ìyàwó mi pè mí. Ó ní ọkùnrin ni. Inú mi dùn débi pé mo tẹ fèrè ọkọ̀, mi ò gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ títí àwọn ará Ìbàfò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

"Ṣé ẹ máa wá lọ́jọ́ kẹjọ?" ni Ròkíátù bi mí.

"Bí mo bá wà láàyè," ni mo dá a lóhùn.

Ìbéèrè yẹn wúwo ju bó ṣe dún lọ. Màídúgùrì ni mo wà nígbà tí wọ́n sọ Àbdùlsàmàd, àkọ́bí wa, lórúkọ. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ igbe ọmọ mi. Títí dòní, tí tírélà èyíkéyìí bá ń kọjá ní Ìfọ̀, Àbdùlsàmàd á nàka sí i, á ní, "Dádì mi nìyẹn." Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kọ́ ló ń tọ́ka sí o, ọkọ̀ gan-an ni. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kejì yìí dé, Ròkíátù sọ fún áfáà pé kó má pe ìrun sí ọmọ náà létí. Ó ní bàbá rẹ̀ ni yóò pè é fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí n gun ọ̀kadà gba Ọ̀fàdà, kí n wọ mọ́tò míì dé ilé, kí n sì tètè padà. Ẹni tí kò wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù rí ló máa béèrè bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí kò bá ní èèyàn nínú, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti ya tapólì, wọ́n á ti yọ bátìrì, ẹrù á sì di ti gbogbo ayé. Wọn kì í sì í fún èèyàn ní tírélà wà láìsí onídùúró. Àlàájà Mùnírátù, ìyá Ròkíátù, ló dúró fún mi. Ìwé ilé wọn ló wà lọ́wọ́ Alhaji. Bí páálí ẹrù kan bá ṣòfò, ilé yẹn lọ nìyẹn, ilé tí èmi, ìyàwó àti ọmọ mi ń gbé. Ilé tí mo fẹ́ sáré lọ gan-an ni kò jẹ́ kí n lọ.

Bí mo ṣe jókòó nìyẹn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi, tí koríko wà níwájú rẹ̀ tí okùn ò dé ibẹ̀. Mọ́tò ń kọjá, gbogbo èèyàn ló ń lọ síbì kan. Mo bínú sí gbogbo wọn.

Ohun tó kù fún mi ni àdúrà, mo sì pín in káàkiri bí ẹni ń pín sàárà. Mo sọ fún áfáà mọ́ṣáláṣí tí mo ti ń kírun. Lẹ́yìn náà mo bá Ìyá Ìbùkún sọ ọ́, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń lọ ṣe àìsùn ní Redemption Camp, ọkọ̀ ti dí títì pa dé Mowe, ó sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ.

"Ìyá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ̀yin Mùsùlùmí náà fẹ́ àdúrà Camp?"

"Ìyá, ta ni mẹkáníìkì ń béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé pọ́ńpù ló bàjẹ́. Kí ọkọ̀ jí kó tó di ọjọ́ kẹjọ, kí n lè rí ọmọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí.

Ọjọ́ keje pé, ọkọ̀ ò jí. Mo pe Ròkíátù, mo ní kí wọ́n máa bá a lọ, n kò ní lè wá. Ìyá rẹ̀ ló gba fóònù.

"Mùsáfírù, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ó dáa." Wọ́n pa fóònù. Mo tẹ orí mọ́ sítíárì ọkọ̀, mo sì sunkún, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kékeré kan yà sílẹ̀ lẹ́yìn ewé gbígbẹ mi. Àlàájà Mùnírátù ló kọ́kọ́ sọ̀, ẹní wà lábíyá wọn. Áfáà wa láti Ìfọ̀ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà Àbdùlsàmàd, tó sáré kọjá lára mi tó lọ dì mọ́ táyà. Ròkíátù ló sọ̀ gbẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Àlàájà ní, "Dìde. Bí ọmọ ò bá bá bàbá rẹ̀ nílé, á bá a níbi iṣẹ́. Níbo ni òjìji wà?"

A tẹ́ ẹní sí òjìji tírélà. Ìyá Ìbùkún gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ wá. Àfi bí mẹkáníìkì ṣe sọ̀ lórí ọ̀kadà nígbà náà, Mubashir, tó gbé pọ́ńpù sínú àpò ìrẹsì. Ọ̀la Alhaji ti wá di òní. Ó kí wa kú oríire, ó sì wọ inú ẹ́ńjìnì lọ.

Ròkíátù gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Kò wúwo rárá. Mo fi ẹnu sí etí ọ̀tún rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun jẹ́jẹ́. Mi ò tíì dé ìdajì tí tírélà fi bú ramúramù. Ọmọ ta gìrì, ó ké.

"Ọlọ́run dáhùn!" Ìyá Ìbùkún ń fò sókè. "Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?"

Áfáà ní, "Alhamdulillah!" Gbogbo ẹ̀bá títì ń yọ̀. Mo wo Ròkíátù, ilẹ̀ ló ń wò.

Mubashir nu ọwọ́. "Brother, ẹ má pa á o! Sítátà ti jóná, bó ṣe jí yìí, orí ló yọ wá. Tẹ́ ẹ bá pa á, ó di ọjọ́ mìíràn."

Fóònù mi dún. Alhaji ni. "Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀! Oya, máa lọ, àwọn ará Gombe ti fẹ́ẹ̀ pa mí!" Ọkùnrin tí kò gbọ́ ohùn tèmi láti ọjọ́ yìí, ó gbọ́ ti ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀.

Áfáà sọ ọmọ lórúkọ kíákíá, Abdulrauf. A ṣe àmín. Mo gun orí ọkọ̀, mo sì di okùn tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnì mú. Bí mo bá fà á, n ó tún jókòó tì wọ́n lórí ẹní lónìí. Ta ló máa mọ̀? Mo wo ìsàlẹ̀, Àlàájà ń ká ẹní wọn. Mo rántí ìwé ilé. Síbẹ̀ ọwọ́ mi ò kúrò lórí okùn.

Ròkíátù ti gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ dé fèrèsé, ọmọ wà láyà rẹ̀.

"Ẹ má pa á," ó ní.

"Ròkíátù, èmi ni mo gbàdúrà kó jí."

"Mo mọ̀. Gbogbo Ìbàfò ló bá yín gbà á. Èmi nìkan ni mo wà ní Ìfọ̀ tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jí mọ́ láéláé. Mo ní tí kò bá jí, a ó ṣáà máa mọ ibi tí ẹ wà." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù mí lọ."

Ó na ọmọ sí mi láti ojú fèrèsé. Mo parí ìrun tí mò ń pè sí i létí. Pẹ̀lú ariwo yẹn, èmi fúnra mi ò gbọ́ ohùn mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Mubashir yọ òkúta. Mo gbéra lọ sí ọ̀nà Mowe, mo ń wo dígí ẹ̀gbẹ́ dípò iwájú. Àlàájà ń ṣa ewé gbígbẹ kúrò lójú títì, bí ó ti yẹ kí èmi ṣe. Ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, epo dúdú nìkan ló kù, orí rẹ̀ ni Ròkíátù dúró sí. Àbdùlsàmàd na ara sókè, ó di ọwọ́ kékeré àbúrò rẹ̀ mú, ó nà án sí tírélà, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ. Kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún mi ohun tó ń wí. "Dádì wa nìyẹn" ló ń kọ́ ọ.