Obìnrin Abẹ́ Ọ̀dà

Wọ́n ti sin bàbá mi kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó kàn mí ní ìlú Norwich, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní àwòrán yíyà. Nígbà tí mo máa fi dé abúlé wa létí odò, òjò ti na orí sàréè rẹ̀ pẹrẹsẹ.

Àǹtí Keziah, àbúrò bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, kò jẹ́ kí n jókòó.

"Thirza, má tíì ṣí fìlà. Wá wo ẹrù tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó mú mi lọ sí yàrá iṣẹ́ bàbá mi. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ya odò àti ojú ọ̀run. Àwòrán kan tí kò tà rí ló wà lórí igi tó máa ń gbé àwòrán lé: igi wílò etí odò, ìkùukùu, omi dúdú. Létí omi náà, obìnrin kan ń yọ bọ̀ láti inú koríko, fírífírí, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn èéfín.

Màmá mi ni; ojú kan náà la ní. Inú odò yẹn ló kú sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́.

"Lọ́dọọdún, tí ewé bá ń já bọ́, bàbá rẹ á fi ọ̀dà bò ó," Àǹtí wí. "Tó bá yá, obìnrin yìí á tún yọjú. Ṣé kì í ṣe iwin nìyẹn?"

"Ọ̀dà ni, Àǹtí. Tó bá ti pẹ́, ó máa ń mọ́ gaara, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì hàn."

"Ọ̀dà! Ṣé ọ̀dà ló ń wò mí tí mo bá ń gbé tíì kọjá? Mú búrọ́ọ̀ṣì, jàre, kí o bò ó. Ṣebí bàbá rẹ kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Mo po àwọ̀ koríko. Ọwọ́ mi dúró níwájú ojú màmá mi.

Tí igi kan nínú àwòrán bá wọ́ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́, ọ̀bẹ ló fi ń họ ọ́ kúrò. Kò sí àṣìṣe tí kì í họ. Èyí nìkan ni kò họ rí. Ó kàn ń fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, bí ẹni ń fi aṣọ bo ẹni tó sùn.

Atẹ́gùn odò wọlé. Ó ṣe mí bí ẹni pé koríko iwájú rẹ̀ mì.

"Kí lò ń wò?" Àǹtí sún sẹ́yìn. "Èmi ò lè bá a gbé inú ilé kan náà mọ́. Òun ni tàbí èmi."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, mo sì fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní bò ó. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ lọ. Èmi àti màmá mi la jọ máa gbé níbí."