Àmì Igun Òkúta

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Nazmi kọ́kọ́ rí àmì náà, láti ìgbà náà ni kò sì ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ni olùṣọ́ tíátà àwọn ará Róòmù tó wà lẹ́yìn abúlé wọn. Tíátà náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin ọdún, síbẹ̀ ògiri rẹ̀ dúró gbọn-in, àwọn àga òkúta rẹ̀ sì tò yípo láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nazmi ń gbálẹ̀ ní ìlà kẹrìnlá nígbà tó rí i ní igun òkúta kan, níbi tí ojú kì í tètè dé: ihò kékeré kan, àti ìlà ṣókí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun ṣì wà nínú ihò náà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹ má bi mí ìdí tí àyà rẹ̀ fi já. Ní agbègbè yẹn, kò sí ọkùnrin kan tó ń jókòó nílé tíì tí kò mọ ìtumọ̀ àwọn àmì tí wọ́n ní ó ń júwe ibi tí wúrà àtijọ́ wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá rí ejò lára àpáta, ibi tí orí rẹ̀ kọjú sí ni kẹ́ ẹ gbẹ́. Wọ́n á ní tó bá jẹ́ àgbélébùú, kẹ́ ẹ ka ogójì ìṣísẹ̀ sápá òsì. Ihò pẹ̀lú ìlà ńkọ́? Ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn: tẹ̀lé ìlà, kó o gbẹ́lẹ̀. Àwọn àgbààgbà tó yẹ kó máa tọ́jú igi ọsàn wọn ti fi ṣọ́bìrì ba gbogbo òkè yẹn jẹ́, wọn ò sì rí ju àfọ́kù ìkòkò lọ. Kò sì tíì sú wọn.

Ohun tó wá ń já Nazmi láyà jù ni pé oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n jí orí kìnnìún olókùúta kan gbé lókè tíátà. Ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá láti ìlú, ó ní, "Nazmi, bí òkúta kan bá tún kúrò níbí, ìwọ náà á bá a kúrò." Ọdún mẹ́ta péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti rí àmì méje. Ó wá ń fura sí gbogbo ayé. Ó fura sí ará Jámánì kan tó gbé àpò ńlá kọ́ èjìká. Ó fura sí obìnrin tó ń dín búrẹ́dì pẹlẹbẹ lẹ́nu géètì. Ó tiẹ̀ fura sí àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá rí kó má sinmi.

Àfi lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà tó rí Ọ̀gá Dursun.

Agbẹ́kùúta ni Dursun, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló ṣáájú àwọn tó tún tíátà náà ṣe lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Òun ló wá iṣẹ́ olùṣọ́ fún Nazmi, òun ló sì dúró bíi bàbá fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó tẹ̀ ba sára òkúta, ó ń fi ìka wá nǹkan létí rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ló já fìlà rẹ̀, ó fi bo igun òkúta náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi o. Kí lẹ̀ ń wá nínú oòrùn yìí?"

"Mo jókòó ni. Àbí ẹ ti fòfin de ìjókòó ni?"

"Àpò yìí ńkọ́?"

"Ólífì àti búrẹ́dì ni. Ṣé kí n fún ọ jẹ?"

Ó fa àpò náà mọ́ra, ó sì dún ṣaworo. Ólífì tó ń dún bí irin, Nazmi ò jẹ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Elmas ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fọwọ́ lérán.

"Dursun? Dursun tiwa yìí? Orí ẹ pé báyìí?"

"Ta ló mọ òkúta ibẹ̀ jù ú lọ? Òun gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù."

"Lọ bá a nílé. Mu tíì lọ́dọ̀ ẹ̀. Bi í dáadáa."

"Mo bi í, ó ní ólífì ni! Elmas, tí wọ́n bá lé mi, ṣé Dursun ló máa bọ́ wa?"

"Ojú ẹ ti ń rí olè níbi gbogbo. Tó bá yá, wàá ní èmi ni."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Nazmi pe ọlọ́pàá.

Wọ́n bá bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́. Òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n dì í lápá méjèèjì, wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo àlejò, àwọn wọ̀nyẹn sì ń ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé iwájú Nazmi, bàbá dúró.

"Ìwọ lo pè wọ́n?"

Nazmi ń wo bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Dókítà Nilgün dé, obìnrin tí ìjọba fi ṣe alábòójútó àwọn ohun àtijọ́. Kò jókòó, kò gba tíì.

"Ṣé o mọ òfin wa? Ẹni tó bá fi òkúta tuntun dípò èyí tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ fàmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ti Róòmù."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Nígbà tí wọ́n tún ibí ṣe, Dursun gbẹ́ òkúta mọ́kànlélógójì, kò fàmì sí ìkankan. Ó jọ ara rẹ̀ lójú nígbà náà. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa dá wọn mọ̀. Kò sẹ́ni tó dá wọn mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n wọn òkúta rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Róòmù ni, wọ́n sì ń yìn wọ́n. Láti ìgbà náà ni kò ti lè sùn. Ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ìka ló fi ń wá wọn kiri. Ihò àti ìlà tó o rí yẹn ni àmì rẹ̀, ó ti fi sí mẹ́tàlélógún."

"Kí ló dé tí ò sọ fún mi?"

"Mo bi í. Ó ní tóun bá sọ fún ọ, wàá bo òun láṣìírí, tí wọ́n bá sì mọ̀, iṣẹ́ rẹ á bọ́. Ó ní ọdún mẹ́ta ló kù fún ọ."

Ojú ti Nazmi débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ la kó gbé òun mì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ sílé Dursun, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ti dá sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó ní bàbá ń sinmi. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, bàbá ṣì ń sinmi. Ohùn bàbá tó ń bá rédíò jiyàn sì ń dún kedere ní yàrá.

Ìjọba bẹ Dursun pé kó wá fàmì sí òkúta méjìdínlógún tó kù lábẹ́ òfin. Ó gbà. Láàárọ̀ tó wá, Dókítà Nilgün dì í lọ́wọ́ mú wọlé, Nazmi sì sáré lọ pàdé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó wá kọjú sí obìnrin náà. "Mi ò bínú sí i o, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó bọ́ síta. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tí mo bá mọ̀ pé ó ń wò mí."

Nazmi bọ́ síta. Àwọn àlejò ti tò sẹ́nu géètì, wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa wọlé, ó ní òun ò mọ̀. Nínú lọ́hùn-ún, òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò yára, kò le. Nígbà tó yá ó dákẹ́, kò sì dún mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ara ń ta Nazmi láti yọjú wò. Ojú rẹ̀ ti dé àárín irin géètì kó tó rántí ara rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí géètì náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn títí òòlù fi tún dún, títí wọ́n fi parí òkúta kejìdínlógún.