Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Erin

Ó tapá sí i, kò dáhùn. Ó tún tapá sí i, alùpùpù kékeré náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Jórinjórin jókòó lé e, kò sì mọ nǹkan kan lára. Kò mì ín lẹ́sẹ̀, kò mì ín láyà. Àfi bí ẹni tó jókòó sórí àpótí nílé ìdáná.

"Ṣé ẹ ti ṣetán?" Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, báàgì ńlá kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré kan lọ́wọ́.

"Mo ti ṣetán."

Ìlú mìíràn ni ìyàwó ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nínú ọ̀sẹ̀ ló sọ ọ́, níbi tó ti ń ránṣọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní òun ti ríṣẹ́ aṣọ síbẹ̀, òun sì fẹ́ lọ simi díẹ̀. Ọkọ bi í pé ọjọ́ wo ló máa padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ọkọ aránṣọ kò ṣàì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ìyàwó máa ń sọ fún oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́ ni. Síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó rí bi í ni ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa gbéra. Ó ní òun á gbé e lọ sí gáréèjì. Ó ti gbàgbé pé Erin, alùpùpù ńlá tirẹ̀, wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n ti tú inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dúró de irin kan tí wọ́n ní ó ń bọ̀. Ìrẹ̀, alùpùpù kékeré ti ìyàwó rẹ̀, nìkan ló kù nílé.

Jórinjórin fúnra rẹ̀ ló sọ àwọn méjèèjì lórúkọ. Lọ́jọ́ tó gbé alùpùpù ńlá yẹn dé, àwọn ará àdúgbò tú síta wá wò ó, kò sì tó oṣù kan tí wọ́n fi ń pe òun náà ní Baba Erin. Ó yíjú sí alùpùpù tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "A kì í ru ẹran erin lórí, ká máa fẹsẹ̀ wa ihò ìrẹ̀." Ibẹ̀ ni alùpùpù ẹlẹ́ni ti di Ìrẹ̀. Ìyàwó pàápàá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Kí Erin tó dé, ọ̀rẹ́ gbogbo alùpùpù ni jórinjórin. Tó bá wà nídìí irin tó ń jó, tí ọ̀kan bá kọjá lójú títì, á ṣí gíláàsì ojú rẹ̀, á fetí sí i, á ní ṣéènì ẹni yẹn ti ń dẹ̀. Tó bá pàdé ẹni tó ń gùn ún bọ̀, á nawọ́ sí i, ì báà jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìyẹn ti dìtàn. Lórí Erin, ńṣe ni àwọn yòókù ń sáré padà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òpó iná. Ta ló ń kí òpó iná? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ra tuntun, ó ní kó wá gùn ún wò. Ó gùn ún dé ìkòríta, ó gùn ún padà, ó ní, "Ó dáa." Bí a ṣe ń wí nìyẹn fún ẹni tó fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn wá, tí ọmọ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Ọ̀rẹ́ náà kò pè é mọ́.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé Erin fúnra rẹ̀ kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Eré tó mú orí rẹ̀ wú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò mú irun kan dìde lára rẹ̀ mọ́. Ó ní láti fi kún un, kó tún fi kún un, kó tó rí díẹ̀ nínú ohun tó ń wá. Tó bá sọ̀kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti kú, kò ní mọ̀ bóyá ife tó dì mú gbóná tàbí ó tutù. Nígbà tó yá, ilé náà wá dà bẹ́ẹ̀ fún un.

Lójú tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló gbádùn Erin tó òun. Ó máa ń fi yangàn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Á ní, "Ìyàwó mi fẹ́ràn eré jù mí lọ o! Tó bá ti fọwọ́ gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pó-pó báyìí, ó ti yé mi. Mo fún un níná nìyẹn!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí kò fi yé e nígbà tí ìyàwó ṣàdédé pa Erin tì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ó di ògiri mú, ó bì. Ọkọ ní, "Erin kì í ṣe ẹran gbogbo ẹnu." Láti ọjọ́ náà, Ìrẹ̀ ló ń gùn.

Jórinjórin di báàgì ńlá mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó fi akoto rẹ̀ sílẹ̀ nílé, èyí tó bo orí, etí àti ẹnu, nítorí ẹni tó bá rí akoto yẹn ti mọ̀ pé Baba Erin ló ń bọ̀. Akoto àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ ló dé, tó jókòó sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Ìtìjú ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó tẹrí ba bí ajigbèsè.

Ọ̀nà gáréèjì dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ kó tó kan afárá. Ìrẹ̀ tí kò lè gun òkè mọ ìsọ̀kalẹ̀ dáadáa, eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọwọ́ kan gbá jórinjórin lẹ́gbẹ̀ẹ́, pó-pó. Ọwọ́ tirẹ̀ kò bi í léèrè kó tó yí iná. Ìrẹ̀ figbe ta. Ohùn kan sì sọ sí i létí, kedere, bí ẹni pé inú yàrá ni wọ́n wà:

"Ẹ rọra!"

Ó rọra. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà lẹ́nu afárá, ó sì dúró.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ rọra. Báàgì yẹn ti ń yọ̀."

"Pó-pó yẹn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

"Lórí Erin. Tó o bá ti gbá mi báyẹn, kí lò ń wí?"

Mọ́tò kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìyàwó ń wò ó.

"Kí lẹ rò pé mò ń wí?"

Ìyàwó rí ìdáhùn lójú rẹ̀, ojú tirẹ̀ náà sì yí padà bí ẹni tó ń padà lọ sí gbogbo ìrìn àjò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀rù máa ń bà mí," ló wí. "Mo máa ń pariwo pàápàá. Nígbà tó yá, mo ní bóyá ẹ fẹ́ kẹ́rù máa bà mí ni."

"Mi ò gbọ́."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ báyìí." Ó fọwọ́ kan báàgì, ó tún okùn rẹ̀ fà. "Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè mí."

Wọ́n dé gáréèjì. Ó bá a gbé ẹrù sínú bọ́ọ̀sì. Ìyàwó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ní kó máa tan Ìrẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí bátìrì rẹ̀ má baà kú.

"Ṣé wàá padà?" Ìbéèrè tó yẹ kó ti bi í látọjọ́ yìí nìyẹn.

"Ẹ pè mí lónìí. Àmọ́ kẹ́ ẹ dúró síbì kan tó dákẹ́ kẹ́ ẹ tó pè. Ẹ má pè mí láti orí Erin."

Bọ́ọ̀sì lọ. Ó dúró pé kí nǹkan kan gún òun láyà, kò sí. Ó dùn ún pé kò dùn ún.

Fóònù rẹ̀ dún. Mẹkáníìkì ni: irin ti dé, wọ́n ti dè é, kó máa bọ̀. Ó gba ibẹ̀ lọ nítorí kò mọ ibòmíràn tó lè lọ. Mẹkáníìkì ti gun Erin, àwọn tó máa ń jókòó tàkúrọ̀sọ níbẹ̀ ti dìde dúró.

"Baba Erin! Ẹ wá gbọ́ ohùn ọmọ yín!"

Mẹkáníìkì tan án. Ilẹ̀ mì. Àwọn yẹn pàtẹ́wọ́, jórinjórin sì rí àtẹ́wọ́ náà, kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn Erin ló dúró sí, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kò tíì dúró níbẹ̀ rí. Òórùn èéfín ń bọ̀ sí i nímú, ẹ̀yìn mẹkáníìkì sì dí i lójú bí ògiri. Ó yọ fóònù jáde láti pe ìyàwó rẹ̀.

"Pa á," ló wí.

Mẹkáníìkì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ.

"Pa á!" Ó mọ̀ pé òun pariwo, nítorí ọ̀fun rẹ̀ dùn ún. Etí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́.

Ó na ọwọ́, ó gbá mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́, pó-pó.

Mẹkáníìkì kò wẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi mì, ó sì fún un níná sí i.

Ẹ̀rù ba jórinjórin. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó jáde sí ojú títì níbi tó gbé Ìrẹ̀ sí. Kò tan án. Ó ń tì í lọ ni, ó ń wá ibi tó dákẹ́.