Ẹni Tó Ṣí Lẹ́tà Náà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé ilé oògùn gbìyànjú láti gbé lẹ́tà rẹ̀ sínú fúláàṣì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà kọ̀. Ẹ̀sùn tó fi kan ọ̀gá rẹ̀ ló kọ síbẹ̀, pé ó ń lẹ ọjọ́ tuntun mọ́ oògùn tó ti bàjẹ́. Ó pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Àǹtí, fáìlì yín ò ṣàìsàn o," ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Fódà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò lẹ fi í sí. Ẹnìkan ló ṣí lẹ́tà yín sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé gbé."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ti rò pé òun nìkan ló ni fódà yẹn. "Ta ni, àbúrò?"

Ọkùnrin náà wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà ọ̀gá ni."

Obìnrin náà tún gbìyànjú; lójijì, lẹ́tà wọ fúláàṣì wẹ́rẹ́. Ọ̀gá ti kà á tán, ó sì ti pa á dé.

Ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá sì dún.