Àdúà Kànga ní Makera

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Makera, nílẹ̀ Hausa. Ilé ọ̀hún pọ̀! Bí ẹyẹ bá gbéra láti fò kọjá lórí wọn, kí ó tó fò ó tán, ó ti yé ẹyin, ó ti pa ọmọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó. Gbogbo wọn ló ní ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló ní fèrèsé àti páànù tuntun. Kànga nìkan ni kò sí.

Káńsù yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi Alfa Abdulwahab sí i, ọmọ Ìlọrin tí àwọn Yorùbá Makera dìbò yàn ní káńsẹ́lọ̀. Ó ti rẹ Alfa. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Bí ó bá jí láàárọ̀, àárẹ̀ tirẹ̀ á ti wẹ̀, á ti wọ bàtà, á máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó fà á ni pé Alfa lóhùn. Bí ó bá ń ké kéú, ewúrẹ́ á gbàgbé koríko sẹ́nu. Nítorí náà, òun ni Àlàájì Àúdù, alága ìgbìmọ̀, máa ń ní kó ṣàdúà ìparí. Ẹ sì mọ bó ti rí: bí wọ́n bá ti ka Fátíhà, tí kálukú ti fọwọ́ pa ojú, ìpàdé tán nìyẹn. Ẹni tó bá tún lanu, wọn á wò ó bí ẹni tó wọ bàtà wọ mọ́sálásí. Ìdí ilẹ̀kùn ni Alfa ń jókòó, kí ọ̀rọ̀ tó ti iwájú rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, alága á ti ní, "Málàm, ẹ bá wa ṣàdúà." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè ara rẹ̀.

"Baba Sherifat," Hàwáwù, ìyàwó rẹ̀, wí láàárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gba ilé náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, "ọmọ yín ti bá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn kó síbẹ̀ kí ẹ tó gba ilé. Pẹ̀lú oyún tó ti sọ̀ yẹn, odò ló ń lọ pọnmi. Lánàá, ó jókòó sójú ọ̀nà, kò lè dìde."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lónìí, agbaṣẹ́ṣe á kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ta ni yóò gbẹ́ kànga? Ṣé kí n máa fi ṣíbí gbẹ́ ẹ?"

"Hàwáwù, mo ní mo gbọ́!"

"Etí yín ló gbọ́. Ẹnu yín ńkọ́?"

Alfa dé fìlà, ó jáde.

Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé aláǹgbá ń yá bàtà lọ́wọ́ ara wọn. Ìgbìmọ̀ àti agbaṣẹ́ṣe wo ilé títí, wọ́n wá jókòó sínú ọ̀kan. Ẹnìkan yin ọ̀dà ara ògiri títí ó fi kù díẹ̀ kí ojú ti ògiri. Òmíràn yin ilẹ̀kùn. Alfa nawọ́.

"Madalla!" ni alága wí. "Málàm ti nawọ́. Ó mọ̀ pé àdúà ló kù ká gba kọ́kọ́rọ́. Ó yá, ẹ bá wa ṣe é."

"Rárá" ti dé ètè Alfa. Ṣé alfa á ní òun kò ṣàdúà? Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó ka Fátíhà, ó wá bọ́ sí Hausa kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò gbọ́.

"Ọlọ́run, ìwọ lo mọ̀ pé kò sí kànga níbí."

"Àmín!"

"Àwọn aboyún wa ń ṣubú lọ́nà odò."

"Àmín!"

"Má jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe yìí kúrò ní Makera láìgbẹ́ kànga. Má jẹ́ ká gba kọ́kọ́rọ́ títí omi yóò fi jáde!"

Ahọ́n tí àmín ti mọ́ lára kì í dúró bèèrè. Agbaṣẹ́ṣe gan-an ló ké jù. Àmín náà gbé páànù sókè, àwọn àdán Kudenda, àdúgbò kejì, jí lójú oorun ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ pa ojú tán ni wọ́n tó ń wo ara wọn.

Alága mí kanlẹ̀. "Málàm, òótọ́ lẹ sọ. Ká ní ẹ gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ ni, à bá jíròrò lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́, gbogbo wa sì ti ṣàmín. Ta ni wá tí a ó tún gbà á lọ́wọ́ Rẹ̀?"

"Alága, ohun tí mo—"

"Haba, Málàm! Lẹ́yìn Fátíhà?"

Agbaṣẹ́ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, ìdì kan báyìí tó wúwo bí ọmọ màlúù. Àlàájì Àúdù fọwọ́ méjèèjì gbà á.

Alfa gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́dọ̀ Sherifat. Ọmọ náà di ògiri mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀. Gàrawá dà?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Nínú agbádá?"

Ó ká agbádá lé èjìká, ó gbé gàrawá, ó kọrí sódò. Aládùúgbò kan pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Alfa! Káńsẹ́lọ̀ wa! Ẹ̀yin náà ń pọnmi?"

"Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni," ni Alfa wí, kò sì dúró.